Ààwẹ̀ Tí Ọmọ Mi Kò Gbà

Nílé wa, abọ́ oúnjẹ ló ń pinnu bóyá ọmọ máa lọ sílé ìwé tàbí yóò padà sórí ẹní. Èmi kọ́ ni mo dá òfin náà sílẹ̀. Ìyá ọkọ mi ló gbé e bọ̀ láti Àbíjáànì, níbi tó ti ta aṣọ fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún, tó sì tọ́ ọmọ mẹ́fà yanjú, kí orúnkún tó bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún tó fi padà wá sí Èjìgbò. Òun ló ní tí ọmọ bá jí, tó ní orí ń fọ́ òun, kí èèyàn má bá a jiyàn rárá. Kí ẹ gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀. Bó bá jẹ ẹ́ tán, ẹ gbé báàgì kọ́ ọ lẹ́yìn. Bó bá tì í sẹ́yìn, àìsàn ni, ẹ jẹ́ kó dùbúlẹ̀. Ó ní ẹnu ọmọdé lè purọ́, ṣùgbọ́n ọ̀fun rẹ̀ kì í purọ́.

Òfin náà bá mi lára mu, n kò ní tan yín. Télọ̀ ni mí. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan létí ọ̀nà tó lọ sí Masifa, ẹ̀rọ kan ṣoṣo ló sì wà nínú rẹ̀. Ọkọ mi ṣì wà ní Àbíjáànì, ó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀, ọdún Iléyá ló sábà máa ń fojú kàn wá. Èmi, ìyá rẹ̀ àti ọmọ wa obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, la jọ ń gbélé. Àárọ̀ mi kò ní àyè fún àríyànjiyàn. Òfin tó lè sọ fún mi láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún bóyá kí n ṣí ṣọ́ọ̀bù tàbí kí n má ṣí i, òfin gidi ni lójú mi.

Ọmọ náà ti gbìyànjú láti rẹ́ òfin yìí jẹ rí. Nígbà tó wà ní kíláàsì kejì, ó jí lọ́jọ́ ìdánwò ìṣirò, ó ní inú ń run òun burúkú burúkú. Mo dín dòdò. Ó jẹ ẹ́ tán, ó lá òróró ọwọ́ rẹ̀, kó tó rántí pé inú ń run òun. Ìyá ọkọ mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ọmọ gbé báàgì, ó ń wò wá bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò ọbẹ̀, ó sì lọ ṣe ìdánwò rẹ̀.

Lásìkò ọyẹ́ tó kọjá, ibà mú un. Ìyẹn kì í ṣe irọ́. Ó ti ẹ̀kọ sẹ́yìn, ó ti àkàrà sẹ́yìn, kódà ó kọ dòdò. Ìyá ọkọ mi kò lè dá gbé ọmọ tó ń gbóná lọ sílé ìwòsàn pẹ̀lú orúnkún rẹ̀, nítorí náà mo ti ṣọ́ọ̀bù fún ọjọ́ mẹ́rin. Aṣọ ìyàwó kan wà lọ́wọ́ mi nígbà náà, ti ọmọbìnrin kan láti ìlú Ola tí wọ́n fẹ́ so yìgì rẹ̀ ní Sátidé. Lọ́jọ́ kẹrin, ìyá ìyàwó wá bá mi nílé, ó gba aṣọ rẹ̀ láìgé. Kò bú mi, kò pariwo. Ó kàn ní òun máa wá ẹni tó ní àyè. Ìyẹn dùn mí ju èébú lọ. Nígbà tó lọ tán, mo yíjú sí ìyá ọkọ mi, mo sì sọ pé:

"Àìsàn ọmọ yìí ló máa gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ mi."

Mo sọ ọ́ bí èèyàn ṣe ń sọ̀rọ̀ tí inú bá ń bí i. Mo lè ti sọ pé òjò ló máa gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ mi, tàbí àìsí iná. Ọmọ náà wà lórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ó di ojú, mo rò pé ó ń sùn ni. Ibà náà lọ, ó padà sílé ìwé, èmi náà padà sídìí ẹ̀rọ mi, mo sì gbàgbé ọ̀rọ̀ náà pátápátá. Ẹyin lohùn, wọ́n ní bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Èyí tó jáde lẹ́nu mi fọ́, n kò tiẹ̀ gbọ́.

Ràmàdánì bọ́ sí àárín oòrùn líle. Ẹni tó bá ń ránṣọ mọ ohun tí oṣù yẹn jẹ́. Kò sẹ́ni tó ń rántí aṣọ Ìtúnu àfi tí wọ́n bá ti rí oṣù lójú ọ̀run. Àwọn ará Àbíjáànì tó ń bọ̀ wálé ṣọdún á tún kó aṣọ tiwọn dé láìròtẹ́lẹ̀, wọ́n á máa fi àwòrán inú fóònù hàn mí, wọ́n á ní bí wọ́n ṣe ń rán an lọ́hùn-ún nìyí. Ìdí ẹ̀rọ ni oòrùn ń wọ̀ bá mi lójoojúmọ́.

Àwọn ọmọdé kì í gbààwẹ̀ délẹ̀ nílé wa, kò tíì di ọ̀ranyàn fún wọn. Wọ́n máa ń gbà á dé ìdajì ọjọ́, wọ́n á jẹun ọ̀sán, wọ́n á sì máa yangàn títí ilẹ̀ á fi ṣú pé àwọn gbààwẹ̀. Bí ọmọ mi ṣe ṣe é lọ́sẹ̀ kìíní nìyẹn. Mo máa ń di oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀ sínú kúlà, á sì gbé kúlà òfìfo padà dé. Àárọ̀ ọjọ́ kẹjọ ni mo na kúlà sí i, tó fi ẹ̀yìn ọwọ́ tì í padà, tó ní òun fẹ́ gbà á délẹ̀ lónìí.

Mo dúró pẹ̀lú kúlà lọ́wọ́. Ọmọ tó bá kọ oúnjẹ nílé wa, ara rẹ̀ kò yá, òfin nìyẹn. Ṣùgbọ́n Ràmàdánì ni. Ta ló máa rí ọmọ tó kọ oúnjẹ nínú Ràmàdánì, tó máa sọ pé àìsàn ló ń ṣe é? Inú mi dùn débi pé mo gbàdúrà fún un lójú ẹsẹ̀. Ìyá ọkọ mi ní òun ti di ọmọ ọdún méjìlá kí òun tó gba odindi, pé ọmọ yìí ti ju òun lọ.

Mo sì fọ́n ọn káàkiri. Mo sọ ọ́ fún gbogbo oníbàárà tó wọ ṣọ́ọ̀bù mi. Mo sọ ọ́ fún ọkọ mi lórí fóònù, òun náà sì gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ ránṣẹ́ sí ọmọ, ó ń pè é ní Ìyá Àdínì kékeré, ó ń ṣèlérí bàtà. Mo máa ń tan ohùn náà fún àwọn èèyàn ní ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n á gbọ́ ọ, wọ́n á ṣe àmín, wọ́n á ní Ọlọ́run á jẹ́ kí tiwọn náà rí bẹ́ẹ̀. Mo jẹ adùn ọmọ náà bí ẹni pé èmi ni mo ń gba ààwẹ̀ méjì pọ̀.

Tí mo bá ń ro àwọn ọjọ́ yẹn lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan báyìí, ẹ̀rù ara mi ló ń bà mí. Ètè rẹ̀ gbẹ, mo ní ààwẹ̀ ni. Ó ń sùn lórí tábìlì nílé ìwé, tíṣà rẹ̀ ní ààwẹ̀ ni, ó sì yọ̀ǹda rẹ̀ kúrò nínú gbígbá àyíká. Kò bá ẹgbẹ́ rẹ̀ sáré mọ́, a ní ó ti ń gbọ́n. Ní sààrì, ó máa ń bá wa jókòó, á bu ẹnu kan tàbí méjì, á ní oorun ń kun òun. Ní ìṣínu, mo ṣì máa ń wà ní ṣọ́ọ̀bù, omi àti bisikíìtì ni mo fi ń ṣínu nídìí ẹ̀rọ, ìyá ọkọ mi ló ń bá a jókòó, ojú rẹ̀ kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ ríran tí oòrùn bá ti wọ̀. Láàárọ̀, kí n tó pè é, ó ti máa ń wẹ̀. Omi tútù ló ń bù láti inú àmù, kì í dúró de omi gbígbóná. Tí mo bá wá fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀, á tutù mìnìjọ̀. Mo yìn ín fún ìyẹn náà, mo ní ọmọ mi kò lẹ.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ti aṣọ. Mo ti rán aṣọ Ìtúnu rẹ̀ sílẹ̀ kí oṣù tó lé, nítorí ìtìjú ńlá ni kí ọmọ télọ̀ wọ aṣọ àtijọ́ lọ́jọ́ ọdún. Ní nǹkan bí ọjọ́ kẹtàlá, mo ní kó wọ̀ ọ́ wò. Ìbàdí aṣọ náà gba ẹ̀ṣẹ́ mi wọlé, èjìká rẹ̀ ń yọ̀ bọ́. Mo fi ẹnu mú píìnì, mo ní kó yí sọ́tùn-ún, kó yí sósì, mo fún ẹ̀gbẹ́ méjèèjì wọlé, mo ń ṣàwàdà pé ààwẹ̀ ti sọ ọ́ di òpelẹ́ńgẹ́. Ó di ẹ̀yìn àga mú nígbà tí mo ń ṣe é. Iṣẹ́ mi ni láti mọ̀ bí ara èèyàn bá rù, ọwọ́ mi máa ń mọ̀ kí ojú mi tó mọ̀. Téèpù mi ti sọ fún mi pé ọmọ mi ń tán lọ. Mo fún aṣọ bá àìsàn rẹ̀ mu, mo sì lọ̀ ọ́, mo gbé e kọ́.

Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, nǹkan bí aago mọ́kànlá àárọ̀, tíṣà rẹ̀ pè mí. Ó ní kí n máa bọ̀ nílé ìwé. Ó ní kí n má sáré o, kí n kàn máa bọ̀. Ẹni tó bá ní kí èèyàn má sáré ti sọ gbogbo ohun tó fẹ́ sọ. Mo fi ẹ̀rọ sílẹ̀ pẹ̀lú aṣọ lábẹ́ abẹ́rẹ́, mo gun ọ̀kadà, téèpù wà lọ́rùn mi, ẹsẹ̀ mi kan wà nínú bàtà, èkejì wà nínú sílípáàsì.

Wọ́n ti tẹ́ ẹ sórí bẹ́ǹṣì ní ọ́fíìsì ọ̀gá ilé ìwé. Ó ṣubú lẹ́bàá kẹ́ẹ̀gì omi, wọ́n ní kò ké, ó kàn rọra wó lulẹ̀. Ojú rẹ̀ là, ṣùgbọ́n kò wò mí. Mo fọwọ́ kàn án lọ́rùn lábẹ́ ìbòrí rẹ̀, mo sì yára fa ọwọ́ mi padà. Ọrùn tó ń tutù lójoojúmọ́ láàárọ̀ gbóná bí áyọ́ọ̀nù. Tíṣà rẹ̀ dúró sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó ń sọ ọ́ léraléra pé ààwẹ̀ ni òun rò pé ó ń rẹ̀ ẹ́. N kò lè bá a wí. Ohun tí èmi ìyá tó bí i rò náà nìyẹn.

Ní ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì kan tó ti dàgbà gbà á lọ́wọ́ mi. Ó bi mí pé ìgbà wo ló jẹun kẹ́yìn. Mo ní ó ń gbààwẹ̀ ni. Mo tún fi kún un pé ọjọ́ kẹjọ nìyí tó ń gbà á délẹ̀. Ẹ má bi mí ohun tó mú mi fi kún un. Kódà níbẹ̀, ìyangàn ṣì wà lẹ́nu mi.

Ọmọ mi la ẹnu rẹ̀ tó ti gbẹ.

"N ò gbààwẹ̀, màámi," ló wí. "Mo ń mu omi nílé ìwé. Oúnjẹ ni ò lọ."

Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́, ìbínú ló kọ́kọ́ gùn mí. Mo rántí ohùn tí bàbá rẹ̀ fi ránṣẹ́, mo rántí gbogbo àwọn tó ṣe àmín ní ṣọ́ọ̀bù mi, mo ní ọmọ yìí ti sọ mí di òpùrọ́ lójú gbogbo Èjìgbò. Mo ti la ẹnu láti bá a wí. Nígbà náà ni nọ́ọ̀sì fi àtàǹpàkò fa ìsàlẹ̀ ìpéǹpéjú rẹ̀ wálẹ̀, ó ní kí n wá wo nǹkan. Inú rẹ̀ funfun. Mo mọ funfun, mo mọ ti léèsì, mo mọ ti òwú tí wọn kò tíì pa láró. N kò mọ̀ pé inú ojú ọmọ mi lè funfun tó bẹ́ẹ̀. N kò bá a wí mọ́, ọwọ́ rẹ̀ ni mo dì mú.

Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Dókítà ní ibà ni, ó ti pẹ́ lára rẹ̀, ó sì ti jẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ débi tí kò fi sí èyí tó tó mọ́. Ó ní àfi kí àwọn fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára lọ́jọ́ náà gan-an, pé ká ní mo tún mú un lọ sílé ìwé lọ́la ni, òun kò mọ ohun tí ìbá ṣẹlẹ̀. Lọ́la ni mo ti ṣètò láti rán aṣọ àwọn ìbejì kan. Ohun tó wá sọ́kàn mi nìyẹn, ojú sì tì mí pé òun ló wá.

Nọ́ọ̀sì ń wá ibi tí yóò gún abẹ́rẹ́ dírìpù sí lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń fi ọ̀rọ̀ tù ú, ó ń bi í pẹ̀lẹ́ pẹ̀lẹ́ pé kí ló dé tí kò sọ fún màmá rẹ̀ pé ara òun kò yá. Ọmọ náà dá a lóhùn bí ẹni tó ń ka ohun tí tíṣà kọ sójú pátákó.

"Wọ́n ti sọ pé àìsàn mi ló máa gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ àwọn."

Nọ́ọ̀sì wo ojú mi. Mo kọ́kọ́ rò pé ibà ló ń mú un sọ ìsọkúsọ. Ta ló fẹ́ gba ẹ̀rọ? Mo wá rántí ìyá ìyàwó tó gba aṣọ rẹ̀ láìgé, mo rántí ọmọ lórí ẹní tó di ojú. Mo fẹ́ sọ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe sọ ọ́, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni mo ṣe sọ ọ́, kò fi ọ̀rọ̀ kan kún un, kò yọ ọ̀kan kúrò.

Ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti yé mi lẹ́ẹ̀kan náà, omi tútù inú àmù, ẹnu méjì ní sààrì, kúlà tó tì padà. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án jókòó, ó ro òfin ilé wa wò, ó rí ihò kan ṣoṣo tó wà nínú rẹ̀. Ọmọ tí kò jẹun máa jókòó sílé, ìyá rẹ̀ á sì ti ṣọ́ọ̀bù. Ṣùgbọ́n nínú Ràmàdánì, ọmọ tí kò jẹun kì í ṣe aláìsàn, ọmọ dáadáa ni. Ó gba ihò náà kọjá, àwa àgbà sì dúró létí ọ̀nà, à ń pàtẹ́wọ́ fún un bó ṣe ń kọjá lọ.

Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ tèmi wò, ó bá tirẹ̀ mu. Nọ́ọ̀sì ní òun kò ní gba ẹ̀jẹ̀ lára ẹni tí ebi wà nínú rẹ̀, kí n lọ jẹun. Mo ra búrẹ́dì àti míníráàsì lẹ́nu géètì, mo jókòó ti bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, mo ń jẹ ẹ́ lójú ọ̀sán gangan nínú oṣù ààwẹ̀. Búrẹ́dì náà ń yí lẹ́nu mi, kò fẹ́ lọ. Ọmọ mi ń wò mí. N kò rí ìbínú lójú rẹ̀. Àánú mi ló ń ṣe é.

"Ààwẹ̀ yín ti bàjẹ́, màámi," ló wí. "Ẹ má bínú."

Mo gbé búrẹ́dì náà mì tipátipá títí tó fi tán, mo sì lọ na ọwọ́ fún wọn.

Ìyá ọkọ mi gun ọ̀kadà wá lọ́sàn-án náà, pẹ̀lú orúnkún yẹn. Ọ̀rọ̀ Faransé kan wà tó máa ń sọ sí gbogbo wàhálà, "sa va alé," ìyẹn ni pé yóò dára. Lọ́jọ́ náà, kò sọ ọ́. Nígbà tó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó fi ìka kan ètè, ó sì ní òun ti ń rí i pé àwọn adìyẹ wa ń sanra, òun rò pé ọdún tó ń bọ̀ ló ń sún wọn jẹun. Oúnjẹ ìṣínu ọmọ náà ni wọ́n ń jẹ. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ báyìí ló ti ń dà á sílẹ̀ fún wọn. Ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó di ẹsẹ̀ ọmọ náà mú, ó ń sọ "pàdọ́ọ̀n, pàdọ́ọ̀n," àgbàlagbà tí n kò gbọ́ kó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni rí ní èdè kankan.

Ọkọ mi pè ní ìrọ̀lẹ́. Kò tíì gbọ́ nǹkan kan, ó kọ́kọ́ béèrè Ìyá Àdínì rẹ̀. Mo sọ ọ́ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Lẹ́yìn náà ló ní kí n pa ohùn tí òun fi ránṣẹ́ rẹ́, kí n pa á rẹ́ kíákíá. N kò tíì pa á rẹ́. N kì í sì í tẹ́tí sí i.

Ọlọ́run ṣàánú wa. Ẹ̀jẹ̀ náà wọ̀ ọ́ lára, oògùn náà ṣiṣẹ́, a lo ọjọ́ mẹ́fà níbẹ̀. Àwọn kan lára àwọn oníbàárà mi gba aṣọ wọn lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn, àwọn kan dúró. Ní Ìtúnu, ó wọ aṣọ tí mo fún wọlé, ó sì tún tóbi jù fún un. Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìyá ọkọ mi fúnra rẹ̀ ló ní kí a pa òfin abọ́ tì.

Èmi wá rò pé ọ̀rọ̀ náà ti tán. Mo mú un lọ sí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kan, mo ní kó fọwọ́ kan ẹ̀rọ, kó rí i pé ibi tó wà ló wà, pé kò sẹ́ni tó fẹ́ gbà á, pé ọ̀rọ̀ ìbínú ni mo sọ. Ó fọwọ́ kàn án. Ó mi orí, ó ní òun ti gbọ́. Ṣùgbọ́n bí èèyàn ṣe ń mi orí fún àgbà tó ń ṣàròyé ló ṣe mi orí yẹn. Mo rí i pé kò gbà mí gbọ́.

Láti ìgbà náà, gbogbo àárọ̀ ni mo ń fa ìpéǹpéjú rẹ̀ wálẹ̀. Mo ń wo ahọ́n rẹ̀, mo ń wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, mo ń fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀ kó tó wẹ̀ àti lẹ́yìn tó bá wẹ̀. Mo máa ń bi í pé báwo ni ara rẹ. Ìdáhùn kan náà ló ń fún mi lójoojúmọ́, pé ara òun le. Bó ṣe sọ ọ́ nígbà tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń tán lọ náà nìyẹn. Ohùn kan náà ni. Mo máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo máa ń wò ó bó ṣe ń lọ, n kì í sì í mọ̀ bóyá ọmọ tí ara rẹ̀ le ló ń lọ yẹn tàbí ọmọ tí kò fẹ́ sọ. Kò sí àyẹ̀wò tí mo lè ṣe tó máa mú ẹnu rẹ̀ là. Mo ti fi ọwọ́ ara mi dí ẹnu náà, n kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí i.

Oṣù méjì lé díẹ̀ kọjá báyìí. Iléyá ku ọjọ́ mẹ́rin, ṣọ́ọ̀bù mi kún dé ẹnu ọ̀nà. Obìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Àbíjáànì dé jókòó sórí àga, ó ń dúró de búláòsì tó wà lábẹ́ abẹ́rẹ́ mi. Àwọn méjì dúró sẹ́yìn rẹ̀. Aago mẹ́wàá àárọ̀ kò tíì lù dáadáa. Mo gbé ojú sókè, mo rí ọmọ mi lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú yunifọ́ọ̀mù rẹ̀ àti báàgì rẹ̀ lẹ́yìn. Ẹ̀rọ dúró lábẹ́ ẹsẹ̀ mi fúnra rẹ̀.

Ó gba àárín àwọn oníbàárà wọlé. Ó kí wọn, ó kúnlẹ̀ fún wọn. Kò wò mí, ẹ̀rọ ló ń wò.

"Màámi, orí ń fọ́ mi," ló wí. "Mo ti sọ fún tíṣà. Wọ́n ní kí n máa bọ̀ lọ́dọ̀ yín."

Mo fọwọ́ kàn án lọ́rùn, ó tutù. Mo fa ìpéǹpéjú rẹ̀ wálẹ̀, ó pọ́n dáadáa. Obìnrin ará Àbíjáànì náà rẹ́rìn-ín, ó ní ẹ má dá a lóhùn, ilé ìwé ló sú u, pé bí tòun náà ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ó lè jẹ́ òtítọ́ ló sọ. N kò mọ̀, títí di òní n kò mọ̀. Mo fa búláòsì náà yọ pẹ̀lú apá kan tí kò tíì wọlé, mo ká a fún un. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n má bínú, pé ara ọmọ mi kò yá.

Nígbà tí gbogbo wọn jáde tán, mo ti ilẹ̀kùn, mo bẹ̀rẹ̀, mo ní kó gun ẹ̀yìn mi. Ó ti ga jù fún ẹ̀yìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ máa gbálẹ̀, báàgì rẹ̀ sì wà lẹ́yìn rẹ̀ níbẹ̀. A rìn dé iwájú ilé kẹta kó tó fi ẹnu sí mi létí.

"Ṣé wọn ò ní gba ẹ̀rọ báyìí?"

Mo ní, "Jẹ́ kí wọ́n gbà á."